Ìbéèrè Àwẹ̀ró Lọ́dọ̀ Àṣá àti Erè Onírù Pupa

Ẹ bá mi wá àga tó ní ẹ̀yìn, nítorí ẹ̀yìn mi ti gbó ju ẹnu mi lọ. Ẹni tó bá fẹ́ tọ̀, kó lọ tọ̀ nísinsìnyí. Ẹni tí ọbẹ̀ rẹ̀ wà lórí iná, kó sáré lọ sọ ọ́ kalẹ̀, nítorí bí mo bá ti ki ẹsẹ̀ bọ igbó, n kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Èmi ni Ọdẹ́níran ará Òkè-Odó, èmi tí mo pa ẹfọ̀n mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀ kan, tí mo bá ìkookò wọ̀yá ìjà títí dé etí odò, tó jẹ́ pé ìkookò ló kọ́kọ́ sọ pé ó tó. Ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn yẹn, ṣé ẹ wà níbẹ̀ ni? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Ìtàn ẹfọ̀n kọ́ ni mo fẹ́ sọ lónìí. Ìrìn kan ṣoṣo wà tí mo gbé ìbọn lọ sígbó tí n kò yìn ín rárá, tí mo sì rí ohun tó níye lórí ju erin lọ mú bọ̀ wálé. Ìrìn náà ni mo fẹ́ rò fún yín.

Mo bí ọmọbìnrin kan, Ọdẹ́rónkẹ́ lorúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Àwẹ̀ró ni mò ń pè é. Ọmọ ọdún méje ni nígbà tí mò ń wí yìí. Ọmọ náà fẹ́ràn ìbéèrè ju àkàrà lọ. Bó bá jí, kí orúnkún rẹ̀ tó kanlẹ̀ láti kí mi, ó ti béèrè ohun mẹ́ta. Ọjọ́ tí mo mú un dé etí igbó, ó rí ohun méjì níbẹ̀ tí kò jẹ́ kó sùn mọ́: àṣá onírù pupa àti erè onírù pupa. Ẹ má pariwo odídẹ fún mi o. Ta ni kò mọ ìkóódẹ? Àṣá ni mo wí, tí ìrù rẹ̀ pọ́n bí epo, àti erè tí ara rẹ̀ ṣe kàlákìnní láti orí wá, tí ìrù rẹ̀ wá ṣàdédé pọ́n bí ẹni pé ó kì í bọ inú osùn. Àwẹ̀ró ní, “Bàbá mi, kí ló dé tí ìrù ọmọ àṣá kò pọ́n bíi ti ìyá rẹ̀? Bí ọkọ àṣá bá kú ńkọ́, kí ni aya rẹ̀ ń ṣe? Ṣé erè ní oró? Kí ló ń jẹ nígbà tó bá ń sàba lé ẹyin? Ṣé ó ti ní ẹsẹ̀ rí?” Èmi a ní, “Lọ bi ìyá rẹ.” Ìbíwùmí aya mi a ní, “Bàbá rẹ ni ọdẹ, èmi kọ́.” Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń gbá ọmọ náà kiri láàárín ara wa, a ń rẹ́rìn-ín, a kò sì mọ̀ pé ìgbà ayọ̀ nìyẹn.

Ẹ̀yin náà mọ èèwọ̀ àwa ọdẹ. Bí ọdẹ bá ti gbé ìbọn kọ́ èjìká, a kì í bi í pé níbo ló ń lọ. Ẹni tó bá bi í ti ba ọjọ́ náà jẹ́, ẹran á ti gbọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ara Ìbíwùmí gbóná, ọjọ́ kejì rẹ̀ nìyẹn. Mo rò pé ibà lásán ni, àgbo á ká a kúrò. Mo gbé ìbọn, mo ń yọ lẹ́sẹ̀ ilẹ̀kùn, ni Àwẹ̀ró bá sáré jáde láìwọ bàtà, ó di etí gbérí mi mú. Ó ní, “Bàbá mi, níbo lẹ̀ ń lọ? Ìgbà wo lẹ ó dé?” Inú bí mi. Mo já ẹ̀wù mi gbà lọ́wọ́ rẹ̀, mo sọ ọ̀rọ̀ kan sí i, mo bá tèmi lọ. Ẹ fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ ná. Èmi náà fi í sílẹ̀, títí ẹnìkan fi fún un jáde lẹ́nu mi. Oòrùn kò tí ì kan àtàrí tí wọ́n fi wá pè mí padà. Ìbíwùmí ti lọ.

Láti ọjọ́ náà, Àwẹ̀ró kò sọ̀rọ̀ mọ́. Kò sunkún pẹ̀lú. Ó ń jẹun, ó ń pọn omi, ó ń kúnlẹ̀ kí àgbà, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ pa dé. Oṣù méje gbáko! Èmi tí mo máa ń sọ pé kó jẹ́ kí etí mi sinmi, etí mi wá sinmi títí ó fi ń dùn mí. Mo fún un ní oyin, mo gbẹ́ ọmọláńgidi fún un, mo jó níwájú rẹ̀ bí òmùgọ̀, pàbó ló já sí. Ìyá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Yèyé, ló pè mí sí ẹ̀yìnkùlé. Yèyé ní, “Ọdẹ́níran, ìwọ tí o ń tọpasẹ̀ ẹran tó ti kọjá láti ìjẹta, o kò lè tọpasẹ̀ ohùn ọmọ rẹ?” Mo ní, “Yèyé, ibo ni kí n gbà?” Yèyé ní, “Àwọn ìbéèrè rẹ̀ yẹn, ta ló dáhùn wọn? Abèèrè kì í ṣìnà. Lọ bá a wá ìdáhùn wá. Bóyá ohùn rẹ̀ á tẹ̀lé e bọ̀.” Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára. Mo pọn omi sínú kèrègbè, mo di àádùn, mo kọrí sí Igbó Ẹlẹ́tí, níbi tí a ti rí àṣá àti erè náà. Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni wọ́n ti ń pe igbó náà bẹ́ẹ̀, kò sì sí ẹni tó mọ ìdí rẹ̀.

Èmi mọ ìdí rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, bí oòrùn ti ń yọ, mo kan ẹ̀dá kan tó jókòó sórí gbòǹgbò àràbà. Mo ti rí iwin rí, mo ti rí ọ̀rọ̀ inú igi tó ń fi orí rìn, ṣùgbọ́n n kò rí irú èyí rí. Etí ló bo ara rẹ̀ láti àtàrí dé ọrùn ẹsẹ̀, etí ńlá, etí wẹ́wẹ́, kò sì ní ẹnu rárá. Agbọ̀n rẹpẹtẹ wà níwájú rẹ̀, ewé gbígbẹ ló kún wọn. Mo na ìbọn sí i, mo ní, “Bí o bá jẹ́ ènìyàn, fọhùn, bí o bá jẹ́ ẹbọra, yà fún mi, èmi Ọdẹ́níran ló ń kọjá!” Gbogbo etí náà yíjú sí mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ìbọn sì bọ́ lọ́wọ́ mi. Ẹ má bi mí bóyá ẹ̀rù bà mí. Ẹ̀rù kì í ba ọdẹ. Òógùn ló kàn máa ń bò ó.

Ẹlẹ́tí kò ṣe mí ní nǹkan kan. Ó mú ewé kan nínú agbọ̀n, ó gbé e lé mi létí, mo sì gbọ́ ohùn ọmọdékùnrin kan tí n kò mọ̀ rí: “Ìyá mi, níbo ni oòrùn ń sùn?” Ó mú òmíràn: “Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tí ewúrẹ́ fi nírùngbọ̀n?” Ó yé mi wàyí. Gbogbo ìbéèrè tí ọmọdé béèrè tí àgbà kò dáhùn, inú igbó yẹn ni wọ́n ń bọ́ sí, ẹ̀dá tí kò lẹ́nu yìí ló sì ń ṣà wọ́n. Ó tẹjú mọ́ mi dáadáa, ó wá dìde, ó lọ fa odindi agbọ̀n kan jáde lẹ́yìn igi. Ó gbé ewé ibẹ̀ lé mi létí. “Bàbá mi, ṣé erè ní oró?”

Ohùn Àwẹ̀ró ni! Èmi tí mo na ìkookò, ilẹ̀ ni mo jókòó sí. Mo ń mú ewé náà lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń gbé e létí, títí oòrùn fi kúrò lórí igi tó fi dé orí mi. Kì í ṣe ìbéèrè ni mò ń gbọ́ mọ́, ohùn ọmọ mi ni mò ń gbọ́. Nígbà tí mo kan ìsàlẹ̀ agbọ̀n, mo rí ewé kan tó ká jọ bí ẹni di ẹ̀ṣẹ́. Mo gbé e létí, kò wí nǹkan kan. Mo fẹ́ fi ipá tú u, Ẹlẹ́tí gbá ọwọ́ mi dànù, ó fi ewé náà sínú àpò mi jẹ́jẹ́, ó wá nàka sókè, ó tún nàka sílẹ̀. Mo mọ ohun tó ń wí: kí n lọ bá onírù pupa ti òkè, kí n sì lọ bá onírù pupa ti ilẹ̀.

Orí igi àfàrà kan ni àṣá tẹ́ ìtẹ́ sí. N kò tí ì kí i tán tó fi já ṣòòrò wálẹ̀. Ká ní n kò bẹ̀rẹ̀ ni, ojú kan ni ǹ bá fi máa wò yín báyìí. Fìlà mi ló gbé lọ. Mo kígbe pé, “Ẹ má bínú, n kò wá gbé ọmọ yín. Ìbéèrè ọmọ mi ni mo bá wá.” Àṣá ní, “Ìdáhùn wọ́n nínú igbó yìí. Kí lo fẹ́ fi rà á?” Mo ní kó gba ẹ̀tù, ó kọ̀, mo ní kó gba àádùn, ó fi mí rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Fún mi ní oríkì rẹ kan, èyí tó dùn mọ́ ọ jù.” Ẹ̀yin ènìyàn mi, ọjọ́ náà ni Apẹfọ̀n-má-mì kúrò lára mi. Ẹ ò rí i pé ẹnikẹ́ni kò kì mí bẹ́ẹ̀ mọ́? Ó wà nínú ìtẹ́ àṣá, ọmọ rẹ̀ ń sùn lé e lórí.

Mo ní, “Kí ló dé tí ìrù ọmọ yín kò pọ́n?” Àṣá ní, “Pupa ìrù kì í bá ni wáyé. Odindi ọdún kan ni ọmọ wa fi ń lo ìrù aláwọ̀ ilẹ̀, kí àgbà tó bá rí i lè mọ̀ pé ọmọdé ni. Bó bá ṣi ibi bà sí, wọn á ní sùúrù fún un. Ọmọ tìrẹ ńkọ́, kí lẹ fi ń dá a mọ̀ pé ọmọdé ni?” Mo yáa béèrè èkejì: “Bí ọkọ àṣá bá kú ńkọ́?” Ó ní, “Ọkọ kan ṣoṣo là ń fẹ́. Bó bá kú, a ó fò yí ibẹ̀ ká, a ó ké títí ọ̀fun á fi gbẹ. Lẹ́yìn náà a ó padà sídìí ọmọ. Ìwọ ọdẹ, igbó yìí ti gbọ́ tìrẹ: nígbà tí ìyàwó rẹ kú, ìdí ta ni o padà sí?”

Ẹ wò ó, ọta ìbọn ti bà mí rí nítan, kò dùn mí tó ìyẹn. Nítorí kí wọ́n tó sin Ìbíwùmí tán ni mo ti padà sígbó. Ẹran ni mò ń lé kiri ní gbogbo oṣù méje náà, kí n má baà jókòó ti ọmọ tí kò sọ̀rọ̀. Mo ní, “Ìdí ìbọn mi ni.” Àṣá kò bú mi. Ó ní, “Nítorí pé o kò parọ́, màá júwe erè fún ọ. Ìyá kan ń gbọ̀n, kò ṣàìsàn. Ebi ń pa á, ẹran ń kọjá nímú rẹ̀. Ó dì mọ́ ọmọ tí kò tí ì rí ojú rẹ̀ rí. Ta ni?” Mo ní, “Aboyún tó ń rọbí.” Àṣá rẹ́rìn-ín. Ó ní, “O kò jìnnà sí i. Lọ wo abẹ́ àpáta.”

Ihò kan wà lábẹ́ àpáta náà. Mo na ọwọ́ sínú rẹ̀, ọwọ́ mi ba ẹyin, ẹyin náà sì lọ́ wọ́ọ́rọ́ bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ tó yí i ká tutù bí ẹnu àmù. Mo ń ronú lé ìyẹn ni ilẹ̀ bá mira. Kí n tó wí pé mo fẹ́ sá, erè ti wé mọ́ mi láti orúnkún dé àyà. Ó gbé orí sókè, ó wò mí lójú. Ó ní, “Ta ló ń fọwọ́ kan ọmọ mi?” Mo ní, “Ìyá, ẹ dákun, èmi ọdẹ ni. Ọmọ mi ló ní kí n wá bi yín bóyá ẹ ní oró.” Erè ní, “Kò sí oró lẹ́nu mi. Kì í ṣe gbogbo ejò ló ní oró, kì í sì í ṣe ejò nìkan ló ní in. Ìdìmọ́ra ni tèmi. Nígbàkígbà tí o bá parọ́, èémí tó bá bá irọ́ náà jáde kò ní padà wọlé. Ó yá, kí ni ọ̀rọ̀ tí o sọ sí ọmọ náà gbẹ̀yìn, kó tó dákẹ́?”

Mo ní, “Mo ní ó dàbọ̀.” Ó fún mi, egungun ìhà mi ké. Mo ní, “Mo ní kó tọ́jú ìyá rẹ̀.” Ó tún fún mi, ojú mi ṣú. Mo ní, “N kò rántí, ìyá, n kò rántí!” Nítorí èyí ló ṣe fún mi jù, mo sì rí bàbá mi tó ti kú láti ọdún kẹsàn-án tó ń ṣẹ́ ọwọ́ sí mi. Ẹnu ikú ni ọ̀rọ̀ náà ti padà wá bá mi. Mo rí ilẹ̀kùn, mo rí ọwọ́ kékeré tó di etí gbérí mi mú. Mo ní, “Mo ní... mo ní, ‘Ẹnu rẹ yìí ni yóò pa wá nílé yìí.’”

Erè sinmi ọwọ́ lára mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò lọ́wọ́. Inú àpò mi ni nǹkan ti ṣe ṣẹ́ẹ́. Ooru ara rẹ̀ ti tú ewé tó di ẹ̀ṣẹ́ náà. Mo gbé e létí, mo gbọ́ ohùn Àwẹ̀ró, ohùn náà kéré débi pé mo ní láti di èémí mú: “Ṣé ẹnu mi ló pa Màmá?”

Ìyẹn ni kò lè béèrè. Ìyẹn ló gbé mì láti oṣù méje. Mo sunkún, ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ má wo ilẹ̀, mo sunkún bí ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú. Erè kò kúrò lára mi. Ó dì mí mú bí a ti ń di ọmọ mú; ara rẹ̀ ń gbọ̀n, ara tèmi náà ń gbọ̀n. Ó ní, “Bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, ọwọ́ ọ̀tún la fi ń fà á mọ́ra. O ti fi òsì nà án. Ọ̀tún dà?” Nígbà tí mo dákẹ́, ó sọ fún mi pé gbígbọ̀n tóun ń gbọ̀n ló ń mú ẹyin òun gbóná, pé òun kò fi ẹnu kan oúnjẹ láti oṣù méjì. Ó wá fi èékánná wẹ́wẹ́ méjì hàn mí nítòsí ìrù rẹ̀, ohun tó ṣẹ́kù nínú ẹsẹ̀ àwọn ìyá ńlá rẹ̀. Ó ní, “A jọ̀wọ́ ẹsẹ̀, ká lè rí gbogbo ara fi di ọmọ mọ́ra.” Mo ní kí ni kí n san. Ó ní, “Omi.” Mo da omi inú kèrègbè sínú kòtò àpáta fún un, ó sì mu ún tán pátápátá.

Ọ̀sán ni mo wọ Òkè-Odó, n kò ru ẹran, n kò dé fìlà. Àwẹ̀ró àti Yèyé ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo gbé ìbọn tì, mo kúnlẹ̀ níwájú ọmọ náà, orúnkún méjèèjì. Yèyé ní, “Hà! Ọdẹ́níran, ṣé kò sí o? Ọmọ lo kúnlẹ̀ fún?” Mo ní, “Yèyé, ẹ jẹ́ n ṣe é.” Mo bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn. Mo sọ ti ìrù ọmọ àṣá, mo sọ ti aya àṣá tó ń padà sídìí ọmọ, mo sọ ti erè tí kò ní oró, tó ń gbọ̀n, tí kò jẹun. Àwẹ̀ró ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí rẹ̀ lọ, kò gbójú sókè. Nígbà tó ku ọ̀kan, ẹnu mi wúwo. Mo ní, “Àwẹ̀ró, lọ́jọ́ yẹn mo sọ fún ọ pé ẹnu rẹ ni yóò pa wá.”

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí ẹ̀gúsí. Ó wò mí. Ètè rẹ̀ ń mì kí ohùn tó dé ibẹ̀, ohùn náà sì ti ha bí ilẹ̀kùn tí a kò ṣí fún ìgbà pípẹ́. Ó ní, “Ṣé kì í ṣe òótọ́ ni, Bàbá mi?”

Mo ní, “Irọ́ ni. Irọ́ ńlá ni. Ibà ló pa ìyá rẹ. Ẹnu rẹ kò pa ẹnikẹ́ni. Ẹnu tèmi ló ṣẹ̀, jọ̀ọ́ dárí jì mí.”

Ó figbe ta, igbe tó yẹ kó ké láti oṣù méje. Mo fà á mọ́ra. Ẹ̀gúsí dà nù, Yèyé sì ń fi etí ìró nu ojú, ó ń dọ́gbọ́n sọ pé èéfín ni, bẹ́ẹ̀ a kò dáná. Ó pẹ́ kó tó rọlẹ̀. Ó nu imú mọ́ ẹ̀wù mi, ó fà sẹ́yìn díẹ̀, ó ní, “Bàbá mi, ta ló ń fún erè lómi?”

Mo ní, “Èmi ni mo fún un níjẹta.”

Ó ní, “Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo? Láti ìjẹta? Tóun náà sì wà lórí ọmọ?” Ó wò mí bí ẹni pé n kò lóye rárá. Ó dìde, ó gba kèrègbè lọ́wọ́ mi, ó forí lé ọ̀nà odò. Mo sáré tẹ̀ lé e. Kí a tó dé odò náà, ó ti bi mí ní ìbéèrè mọ́kàndínlógún, n kò sì mọ ju mẹ́rin lọ níbẹ̀, mo sì sọ fún un lọ́kọ̀ọ̀kan pé n kò mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀yin tí ẹ bí ọmọ, mo ti sọ tèmi tán. Ẹ dìde, ẹ lọ sílé, ẹ lọ gbọ́ tiyín.